Kámẹ́rà Kò Sí Nínú Ìwé Iṣẹ́

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Màmá Nọ́ọ̀sì fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn rí láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ sílé á kọ gbogbo ohun tó yẹ kí ẹni tó ń wọṣẹ́ mọ̀: ta ló jẹun, ta ni kò tọ̀, egbò ta ló tún ń ṣẹ̀jẹ̀. Tí nọ́ọ̀sì kan bá fo ìlà kan, Màmá á pè é padà láti ẹnu ọ̀nà. Á ní, "Ohun tí o kò kọ yẹn, òun ló máa pààyàn."

Ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún méje, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí ìlú mìíràn, tó sì di dandan kó lọ bá a gbé ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wá obìnrin kan tí yóò máa sun ilé rẹ̀, tí yóò sì máa tọ́jú ajá rẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó fa ìlà sí ìwé, ó sì kọ nǹkan mọ́kànlá sílẹ̀ fún un.

Ọ̀gá ni orúkọ ajá náà. Olóògbé ọkọ Màmá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní nínú ilé yìí, òun kọ́ lọ̀gá, ìyàwó òun kọ́ lọ̀gá. Ẹni tó sùn gbalaja sójú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń yà fún, òun lọ̀gá. Ajá náà ti darúgbó báyìí. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì ń gba oògùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, pálọ̀ ló ń sùn. Ìwé náà sọ iye ìgbà tó máa ń tọ̀, ó sọ ibi tí oògùn wà, ó sọ bí èèyàn ṣe máa gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú tí kò fi ní gé e jẹ.

Ọmọ Màmá ọkùnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń kà á.

"Màmá, ẹ má kọ ti kámẹ́rà síbẹ̀ o."

Kámẹ́rà mẹ́ta ló ti so mọ́ ilé náà lẹ́yìn tí olè tú ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ: ọ̀kan lójú géètì, ọ̀kan lẹ́yìnkùlé, ọ̀kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, kí Màmá lè máa rí Ọ̀gá láti orí fóònù nígbà tó bá jáde.

"Kí ló dé tí mi ò ní kọ ọ́?"

"Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí ni. Tó bá ti mọ ibi tí kámẹ́rà wà, á mọ ibi tí kò sí."

"Mo bi àwọn tó ti bá ṣiṣẹ́ léèrè. Èèyàn gidi ni."

"Gbogbo olè ló jẹ́ èèyàn gidi kí wọ́n tó jalè."

"Ti ẹ̀yìnkùlé àti ti géètì ò burú. Ti pálọ̀ ńkọ́?"

"Màmá, ta ló ń bọ́ṣọ ní pálọ̀? Yàrá àlejò wà lókè. Kò sí nǹkan kan lókè."

Ó jọ òótọ́. Màmá gbé bírò sí ìlà kejìlá, ó tún gbé e kúrò. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Obìnrin náà dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú báàgì kan àti sálúbàtà tó fi ọ̀rá wé. Àǹtí Alájá ni gbogbo àwọn tó ti bá ṣọ́lé ń pè é. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í pariwo. Ó ti tẹ ìwé ní kóòtù fún ogún ọdún kí kóòtù tó sọ pé kò sí iṣẹ́ mọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bá wọn tọ́jú ajá, ológbò, àti ẹyẹ kan tó máa ń bú u. Ọ̀gá gbóòórùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rò ó wò, ó sì jókòó lé e lẹ́sẹ̀ tọ̀ọ̀.

"Ó ti gbà ọ́ síṣẹ́ nìyẹn," Màmá wí.

"Ẹ ṣé, Ọ̀gá," obìnrin náà dá ajá lóhùn. Lẹ́yìn náà ó bi Màmá pé, "Yàrá òkè yẹn, ṣé ó ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ó ní. Kí ló dé, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

"Rárá o, Màmá. Mo kàn bèèrè ni." Ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn.

Màmá kò ronú sí i. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ní ilé ọmọ rẹ̀, ọmọ tuntun ń sùn lọ́sàn-án, ó ń jí nígbà tó bá wù ú, gbogbo ilé sì di ẹrú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ti sùn, Màmá á yọ fóònù, á ṣí i, á wo pálọ̀ rẹ̀. Ti Ọ̀gá ló kọ́kọ́ ń wò. Ó rí i pé obìnrin náà mọ iṣẹ́. Kí ó tó kán oògùn sí ojú ajá, ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ìgò náà kí oògùn má bàa tutù. Màmá kò kọ ìyẹn sínú ìwé. Òun fúnra rẹ̀ kò ronú kàn án rí.

Kámẹ́rà náà kì í gba ohùn, àwòrán nìkan ló ń gbà. Nítorí náà, Màmá ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí Ọ̀gá bá kọ̀ tí kò jẹun, tí obìnrin náà na ìka sí i, Màmá á ní, "O ò ní jẹ ẹ́? Ṣé èmi ni mo wá fún ọ lóúnjẹ ni, àbí ìwọ lo wá fún mi?" Ọmọ rẹ̀ á wò ó.

"Màmá, ọmọ ọmọ yín rèé lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin ń wo sinimá."

"Sinimá kọ́. Ajá mi ni mò ń wò."

"Ajá ń sùn láti àárọ̀. Obìnrin yẹn lẹ̀ ń wò."

Màmá kò gbé ojú kúrò lórí fóònù. Ó ti mọ̀ pé Àǹtí Alájá kì í fi àwo jẹun nígbà tó bá dá wà, inú ìkòkò ló ń jẹ ẹ́, lóòró. Ó ti mọ̀ pé ó máa ń jó tó bá ń gbálẹ̀, ijó burúkú, èjìká kan níwájú, èkejì lẹ́yìn. Ó ti mọ̀ pé kò sun yàrá òkè ju alẹ́ kan lọ. Ọ̀gá ti dúró sídìí àtẹ̀gùn, ó ń gbójú sókè, ó ń sunkún; obìnrin náà gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sórí àga gígùn ní pálọ̀, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń sùn síbẹ̀. Gbogbo èyí dùn mọ́ Màmá nínú. Ilé tó ti dákẹ́ látìgbà tí bàbá ti kú tún ti ní ẹni tó ń jó nínú rẹ̀.

Ó di ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago méjì ọ̀sán. Ọmọ ti sùn. Màmá ṣí fóònù.

Àǹtí Alájá ń ti ilẹ̀kùn pálọ̀. Ó ti i tán, ó tún dì í mú wò. Ó fa kọ́tìnì. Ó rìn lọ síwájú dígí gígùn tó wà lára ògiri, dígí kan ṣoṣo nínú ilé náà tó lè gba ara èèyàn láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ búláòsì rẹ̀, ó bọ́ kọ́mú, ó kó wọn sórí àga.

Ó yẹ kí Màmá pa fóònù náà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìka rẹ̀ ti wà lórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà gbé apá òsì rẹ̀ sókè, ó fi í lé orí, ó sì ń fi ìka ọwọ́ ọ̀tún tẹ ọyàn rẹ̀ yíká, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà tí Màmá fi kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ní wọ́ọ̀dù nìyẹn. Ìka náà dé apá òkè, nítòsí abíyá, ó dúró. Ó kúrò. Ó padà síbẹ̀. Ó kúrò, ó tún padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì kúrò mọ́.

Obìnrin náà wọ aṣọ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ọmọ fi jí tó ń ké.

Màmá kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ fa kọ́tìnì yí bẹ́ẹ̀dì ká. Nọ́ọ̀sì tó bá ṣí kọ́tìnì aláìsàn láìkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ìta, ó máa ń gbọ́ ti ẹnu Màmá títí etí rẹ̀ á fi hó. Òun náà rèé, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ nílùú mìíràn, tó ń wo obìnrin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Ó pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

"Kò kàn yín, Màmá," ìyẹn wí. "Ẹ ò rí nǹkan kan. Tó bá ń dùn ún, á lọ sí ilé ìwòsàn."

"Kì í dunni. Ohun tó burú nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kì í dunni níbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ wá fẹ́ sọ fún un pé a ń wò ó? Ká wá di ẹni tí wọ́n ń fà lọ sí kóòtù?"

Màmá dá ọgbọ́n kan. Ọgbọ́n náà kò dára, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Àǹtí Alájá lórí fóònù: "O káàárọ̀ o. Mo kàn ní kí n rán ọ létí pé àwa obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó yẹ ká máa lọ yẹ ọyàn wò. Kí Ọlọ́run ṣọ́ wa."

Èsì dé kíákíá: "Àmín, Màmá. Ọ̀gá ti jẹun. Ó tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbẹ́ rẹ̀ le díẹ̀, mo ti fún un lómi."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀ ń sọ ti ọyàn, ó ń sọ ti ìgbẹ́ ajá."

Lọ́jọ́ kejì Màmá pè é. Ó ní ilé ìwòsàn tí òun ti ṣiṣẹ́ ń yẹ ọyàn wò fún àwọn obìnrin lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kó yára lọ. Irọ́ ni, ìdí rẹ̀ kò sì lágbára.

"Ẹ ṣeun, Màmá, ara mi le koko," Àǹtí Alájá wí. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. "Ohun tí ojú ń wá lojú ń rí. Èmi ò wá nǹkan kan."

Màmá gbé fóònù sílẹ̀. Ó mọ ohùn yẹn. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn obìnrin tó wá sí wọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí ẹ̀pa kò bóró mọ́, tí gbogbo wọn ti sọ fún ọkọ, fún ọmọ, fún ọ̀rẹ́, pé ara àwọn le koko.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ, ó ní, "Màá sọ òótọ́ fún un."

Ọmọ rẹ̀ dá ọwọ́ dúró nínú omi. "Ó máa bínú o."

"Á bínú."

"Ó lè fi Ọ̀gá sílẹ̀, kó máa lọ."

"Ó lè lọ."

"Ó lè pe ọlọ́pàá."

"Kó pè wọ́n. Ṣùgbọ́n bá mi yọ kámẹ́rà yẹn kúrò lórí fóònù yìí kí n tó pè é. Mi ò fẹ́ sọ fún un tán, kí n tún wá jókòó máa wo bó ṣe ń sunkún."

Ọmọ rẹ̀ nu ọwọ́, ó yọ ọ́. Màmá wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó pè é.

"Àǹtí Alájá, jókòó."

"Mo ti jókòó. Ṣé kò sí, Màmá? Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ wà dáadáa. Kámẹ́rà kan wà ní pálọ̀, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, láàárín àwọn ìwé. Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ. Mi ò gbàgbé o, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí ni mo ti ń wò ọ́ lórí fóònù."

Ọ̀gá gbó lẹ́ẹ̀kan lọ́hùn-ún.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí ọ níwájú dígí."

"Ẹ rí mi."

"Mo rí ọ."

"Níhòòhò."

"Láti ìbàdí sókè."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé kò yẹ kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù ni.

"Ìyẹn lẹ ṣe ní ọ̀fẹ́ ni," Àǹtí Alájá wí jẹ́jẹ́.

"Mo purọ́. Kò sí ọ̀fẹ́. Ọyàn òsì ni, lápá òkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́wọ́ rẹ padà síbẹ̀. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan, ọwọ́ rẹ̀ kì í padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bú mi. Bú mi tán, kó o sì lọ sí ilé ìwòsàn."

Kò bú u. Ó pa fóònù.

Láti ìgbà náà, Màmá kò rí nǹkan kan mọ́, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Kò mọ̀ bóyá obìnrin náà ṣì wà nílé, kò mọ̀ bóyá Ọ̀gá ń dá sunkún lójú ọ̀nà. Ó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, fóònù rẹ̀ dún.

"Ọ̀gá jẹun. Ó tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Oògùn ojú: àárọ̀, ìrọ̀lẹ́."

Kò sí ẹ káalẹ́ níbẹ̀. Kò sí Màmá níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bákan náà. Ní ọjọ́ kẹta, bákan náà. Màmá ka ìlà mẹ́ta náà bí ẹni ka ìwé mímọ́. Obìnrin tí wọ́n ṣe báyìí, tó ṣì ń fi ọwọ́ ra ìgò oògùn fún ajá ẹni tó ṣe é. Bóyá ó ń rà á. Kò lè wò ó mọ́.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pè, ó ní àwòrán pálọ̀ ti dúdú láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Tó bá jẹ́ olè ńkọ́, Màmá?"

"Àwa la jalè," Màmá wí. "Tí mo bá ti dé, wá tú gbogbo nǹkan yẹn kúrò nínú ilé mi. Ti géètì nìkan ni kó o fi sílẹ̀, kó o sì lẹ ìwé mọ́ ọn tí afọ́jú á rí."

Nígbà tí ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ dé láti wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá kó ẹrù, ó wọkọ̀ padà sílé ṣáájú ọjọ́ tó dá.

Ọ̀sán gangan ló dé. Àǹtí Alájá ló ṣí géètì. Báàgì rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà, ó ti dì í, sálúbàtà wà lórí rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ọ̀gá wá fi imú gbo Màmá lórúnkún, ó padà lọ jókòó sí ẹsẹ̀ Àǹtí Alájá.

Lórí tábìlì pálọ̀, ìkòkò ńlá kan wà tí wọ́n fi ọmọrí dé, wọ́n sì gbé òkúta lé ọmọrí náà.

"Kámẹ́rà yín wà nínú rẹ̀," Àǹtí Alájá wí. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á."

Màmá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. "Ó ti kú. Àwòrán rẹ̀ ti dúdú láti ọjọ́ tó o ti bò ó."

"Mò ń dúró kẹ́ ẹ dé ni. Mi ò lè fi ajá sílẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀." Ohùn rẹ̀ gòkè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ kọ bí ajá ṣe ń tọ̀. Ẹ kọ bí fèrèsé ìdáná ṣe ń há. Nǹkan mọ́kànlá! Mo ní, ah, obìnrin yìí mọ́ nínú, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ṣé ẹ mọ ibi tí mò ń sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi? Yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbà kọjá lọ wẹ̀. Ọdún mọ́kànlá. Inú aṣọ ni mo ti ń wọ aṣọ. Oṣù méjì nìyí tí ọwọ́ mi ti kan nǹkan yẹn nínú òkùnkùn, mi ò ríbi wò ó. Mo ní kí n ṣe sùúrù, mo ní mo máa tó rí ilé tó ní ilẹ̀kùn. Ilé yín ni mo rí."

Màmá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Mo wò ọ́," ó wí. "Ó yẹ kí n pa á, mi ò pa á. Má bínú sí mi. Tó o bá sì fẹ́ bínú, o jàre."

Ọ̀gá wo èyí, ó wo tọ̀hún, ó dùbúlẹ̀ sáàárín wọn.

"Ẹ jókòó," Àǹtí Alájá wí níkẹyìn. "Ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí fún mi. Látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fo ìkankan."

Màmá jókòó. Ó sọ ọ́ bí ẹni fi aláìsàn lé nọ́ọ̀sì mìíràn lọ́wọ́. Ó sọ ti ìgò oògùn. Ó sọ ti ìkòkò.

"Ẹ rí i tí mò ń jẹun nínú ìkòkò?"

"Lóòró. Lẹ́ẹ̀mẹrin."

"Jẹ́sù!"

"Mo rí ijó."

"Ijó wo?"

"Ijó ìgbálẹ̀."

Àǹtí Alájá fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Màmá rò pé ẹkún ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jẹ́, tó wá di ẹkún nígbà tó yá. Màmá kò sún mọ́ ọn. Ó jókòó síbi tó wà.

"Ijó yẹn burú?" Àǹtí Alájá bèèrè láti abẹ́ ọwọ́.

"Ó burú jáì. Mò ń retí rẹ̀ lójoojúmọ́."

Nígbà tí obìnrin náà nu ojú rẹ̀ tán, ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọwọ́ kan irú rẹ̀ púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ṣé ẹ máa mọ̀?"

"Màá mọ̀ pé ó wà. Mi ò ní mọ ohun tó jẹ́. Ẹni tó bá ní òun fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n, òpùrọ́ ni."

"Ẹ fọwọ́ kàn án náà."

Màmá lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ pẹ́, ó fi omi gbígbóná ṣan án, ó fi ọwọ́ ra ọwọ́. Nígbà tó padà, Àǹtí Alájá ti ti ilẹ̀kùn, ó ti fa kọ́tìnì. Ó bọ́ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Màá gbé ọwọ́ lé ọ léjìká ná," Màmá wí. "Ṣé kí n gbé e?"

"Ẹ gbé e."

"Màá bẹ̀rẹ̀ láti abíyá. Tó o bá ní kí n dúró, màá dúró."

Ó wà níbẹ̀. Ó tó kóró àgbàdo, ó le. Ojú Màmá kò yí padà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ojú yẹn. Ó fa aṣọ bo obìnrin náà léjìká.

"Ó kéré," ó wí. "Ó dáa pó o tètè kàn án. A ó lọ lọ́la."

"A?"

"Ìwọ ni kó o sọ. Tó o bá ní kí n má tẹ̀lé ọ, màá dúró ti Ọ̀gá."

Àǹtí Alájá di bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò ní ẹnu ọ̀nà, ó gbé e lọ sí yàrá òkè.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn lójú ọ̀nà títí wọ́n fi pe Àǹtí Alájá. Ó dìde, ó wo Màmá, ó wọlé lọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Màmá jókòó. Nọ́ọ̀sì kan tó ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà kan, tó ti di olórí àwọn nọ́ọ̀sì báyìí, ń kọjá lọ, ó rí i, ó sì kígbe.

"Ẹ̀yin nìyí! Kí lẹ̀ ń ṣe lórí bẹ́ǹṣì?"

"Mo sin ẹnì kan wá."

"Ó wà nínú? Ẹ wọlé lọ bá a jàre! Ta ló máa dá yín dúró? Ilé yín ni."

"Wọn ò pè mí," Màmá wí.

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń dúró kí wọ́n pè yín?"

"Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lọ. Màmá yí ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn náà. Dígí kékeré kan wà lára rẹ̀ tí èèyàn lè yọjú wò, ó mọ̀, nítorí òun ló ní kí wọ́n fi í síbẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ń ka páálí ìkìlọ̀ tó wà lára ògiri iwájú. Ó kà á tán, ó tún kà á. Ìtàkùrọ̀sọ ń lọ lẹ́yìn rẹ̀ nínú yàrá, ohùn dókítà, ohùn Àǹtí Alájá, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì na etí. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó fi wọ́n sábẹ́ itan.

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Màmá," Àǹtí Alájá wí. Ohùn rẹ̀ kò le koko. "Dókítà fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gba díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Mo sọ fún un pé mo ní ẹnì kan níta."

Màmá dìde.

"Ẹ wọlé," obìnrin náà wí. "Ẹ wá dì mí lọ́wọ́ mú. Kẹ́ ẹ sì wò ó dáadáa fún mi, torí èmi máa di ojú mi."